Ojú Mi Tàn Mí Jẹ ní Seoul

Aṣọ ni mo ń rán, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Nínú iṣẹ́ wa, ojú lọ̀gá. Bí oníbàárà bá kó aṣọ wá tó ní òun fẹ́ òwú tó bá a mu gẹ́lẹ́, mi ò kì í wo nọ́ńbà ara òwú, ojú ni mo fi ń yàn án, ó sì máa ń bọ́ sí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí inú bí mi lọ́dún tó kọjá nígbà tí oníbàárà mi kan gbé gáùn rẹ̀ padà wá, tó ní ìgbànú tí mo rán sí i ṣú ju ara gáùn náà lọ. Mo sọ fún un pé láti ara aṣọ kan náà ni mo ti gé méjèèjì, àlùmọ́gàjí kan náà, ọjọ́ kan náà. Ó ní kí n ṣáà wò ó. Mi ò wò ó. Kí ni mo tún fẹ́ wò nínú ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gé? Ọ̀rọ̀ di ariwo, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, pé ó ń wá ọ̀nà àtijẹ owó mi tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó ka owó náà sórí tábìlì, ó gbé gáùn rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá mọ́.

Ibi tí mo ti wá mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni.

Ìparí oṣù kọkànlá ni mo lọ kí àbúrò mi ọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà. Òtútù ti mú níbẹ̀, irú èyí tí í máa ta èèyàn létí. Lọ́jọ́ Sátidé ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ múra, mo fẹ́ mú yín lọ síbi tí ojú yín ò ti ní í ràn yín lọ́wọ́.” Mo rò pé àwàdà ni. A wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà kejì tí wọ́n fi àwọ̀ ewé sàmì sí, èyí tó yí ìlú po bí ìgbànú, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Yunifásítì Hongik. Hongdae ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Orúkọ yunifásítì yẹn ni wọ́n gé kúrú. Àwọn ọ̀dọ́ kún ojú pópó bámúbámú, àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń jó, èrò sì yí wọn ká. A gba àárín wọn kọjá, a wọ inú ilé kan, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù ìtànjẹ ojú ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, mi ò rí ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Àwòrán ni wọ́n kùn sára ògiri tó tún ṣàn wá sórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wọ́. Afárá kan gùn gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n fà á, àga kan fẹ̀ nísàlẹ̀ ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Àbúrò mi fi àmì kámẹ́rà kékeré kan hàn mí nílẹ̀. Ó ní kí n dúró síbẹ̀, kí n di ojú kan, kí n gbé fóònù sókè. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilẹ̀ là níwájú mi: ọ̀gbun jíjìn, omi ń ru nísàlẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló so bèbè kan mọ́ èkejì. Ó ní kí n lọ dúró lórí pákó náà kí òun yà mí. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, mo ti tẹ̀ ẹ́ kọjá ní bíi ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé etí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún gbéra, ó dúró sínú afẹ́fẹ́, ó kọ̀ kò balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà. Ọ̀dà ni. Ó ti sán níbi tí bàtà àwọn èèyàn ti ń gbá a, sìmẹ́ǹtì sì yọ láàárín rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú tó já. Ọwọ́ mi ti gbà, ẹsẹ̀ mi ò gbà.

Àbúrò mi, tó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé, ní ojú méjèèjì tá a ní kì í rí ohun kan náà, nítorí àlàfo tó wà láàárín wọn. Ohun tí ọ̀tún rí máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà. Kámẹ́rà fóònù, ojú kan ló fi ń yàwòrán. Bí ìyàtọ̀ náà ò bá sí mọ́, ọpọlọ á gbára lé ohun tó ṣẹ́ kù: òjìji, ìtóbi, àwọn ìlà tó ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń jìnnà. Ayàwòrán ti tẹ́ gbogbo ìyẹn sílẹ̀ dè é. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òní. Ní 1533, Hans Holbein ya àwòrán ọkùnrin méjì kan tó wà ní National Gallery ní London títí dòní. Ohun gbọọrọ kan ta kété sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn tí èèyàn ò lè sọ ohun tó jẹ́. Ó di ìgbà téèyàn bá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rí i pé agbárí òkú ni.

Yàrá Ames ló kàn. Adelbert Ames, ará Amẹ́ríkà kan, ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Mo yọjú láti inú ihò kékeré kan. Àbúrò mi wà ní igun òsì, ó kéré bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ó wá ń rìn bọ̀ ní igun ọ̀tún, bó ṣe ń rìn ló ń dàgbà, títí orí rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ kan àjà. Yàrá náà ló wọ́. Igun òsì jìnnà ju ti ọ̀tún lọ dáadáa, ilẹ̀ da gẹ̀rẹ́, àjà ga lápá kan ó lọlẹ̀ lápá kejì, kódà fèrèsé rẹ̀ ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n láti ojú ihò yẹn, kò yàtọ̀ sí yàrá onígun mẹ́rin tí gbogbo wa ń sùn. Nínú kí yàrá wọ́ àti kí ọmọ ìyá mi ṣàdédé tóbi, ojú mi mú un pé ọmọ ìyá mi ló tóbi. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà.

Lára ògiri lẹ́bàá ibẹ̀, ìlà méjì wà tí wọ́n fi orí ọfà sí nípẹ̀kun, ti ọ̀kan kọjú sínú, ti èkejì kọjú síta. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ lójú mi, ṣùgbọ́n rúlà ní wọ́n dọ́gba. Müller-Lyer, ará Jámánì, ló gbé e jáde ní 1889. Ohun tí mi ò mọ̀ rí ni pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ìlà yìí ń tàn jẹ bákan náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta kan, Segall, Campbell àti Herskovits, mú irú ìlà yìí yí ká, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1966. Àwọn tí wọ́n fi hàn pọ̀, títí kan àwọn Ijaw ilẹ̀ wa àti àwọn San, ọdẹ aginjù gúúsù Áfíríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló tàn jẹ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tan àwọn San jẹ rárá. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó bá dàgbà sáàárín ilé onígun àti pákó tí wọ́n rẹ́ gún régé á ti fi ojú kọ́ bí igun ṣe ń sún mọ́ni àti bó ṣe ń jìnnà síni. Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi kọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ibi tá a dàgbà sí ń bá wa wòran, tá a sì rò pé ojú wa nìkan ló ń wò.

Mi ò ní pẹ́ lórí afárá inú àgbá tó ń yí. Afárá náà ò mì rárá, àgbá tó yí i ká ló ń pòòyì, ṣùgbọ́n ojú mi sọ pé mo ń ṣubú, etí inú mi sọ pé mo dúró, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú bí aláìsàn. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó yáa fi í sílẹ̀. Ìbòjú tó jìn sínú ńkọ́, tó dà bí ẹni pé ó yọ síta, tó sì ń yí ojú tẹ̀ lé mi bí mo ṣe ń kọjá? Mo lọ mo bọ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, gbogbo ojú èèyàn tí mo rí ló yọ síta, ọpọlọ mi ò sì fẹ́ gbà pé ọ̀kan lè jìn sínú.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni iwájú àwòrán kan tí kò tilẹ̀ fani mọ́ra. Pátákó bíi ti eré dráàfù ni, dúdú àti funfun tó rẹ̀, ohun kan tó rí roboto bí agolo dúró lórí rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì bo apá kan pátákó náà. Wọ́n kọ A sínú ojú kan tó wà níta òjìji, wọ́n kọ B sínú ọ̀kan tó wà lábẹ́ òjìji. Àbúrò mi ní èwo ló ṣú jù. Mo ní A ni, ṣé ó tún ń bèèrè ni? Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo sọ ọ́ kíkan débi pé tọkọtaya kan tó wà nítòsí wẹ̀yìn wò wá. Èmi tí mo ń fi ojú yan òwú!

Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì wa méjèèjì, ó fi èékánná dá ihò kékeré kọ̀ọ̀kan sí wọn láàárín, ó lẹ ìkínní mọ́ orí A, ó lẹ ìkejì mọ́ orí B, débi pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè rí. Mo sún mọ́ ọn. Àwọ̀ eérú ló wà nínú ihò kìíní. Àwọ̀ eérú yẹn gan-an ló wà nínú ìkejì. Ó ká tíkẹ́ẹ̀tì kúrò, B tún mọ́lẹ̀. Ó dá a padà, ó tún ṣú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ṣe é, bóyá ìgbà mẹ́fà. Edward Adelson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àwòrán náà ní 1995. Ojú mọ̀ pé ohun tó bá wà lábẹ́ òjìji máa ń ṣú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ó ti bá wa yọ òjìji kúrò ká tó mọ̀. Ohun tó bá sì wà láàárín dúdú, ó máa ń mọ́ lójú; ohun tí funfun bá yí ká á ṣú.

Ohun tí funfun bá yí ká. Ibẹ̀ ni mo dúró lé. Léèsì funfun ni mo fi gbá etí ìgbànú gáùn yẹn, lókè àti nísàlẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi rò pé òòyì ló tún ń kọ́ mi. Mo rántí obìnrin náà bó ṣe na gáùn sí mi, tó ní, “Ẹ ṣáà wò ó.” Kò purọ́. Ohun tó rí ló sọ. Òótọ́ ni pé aṣọ kan náà ni, òótọ́ sì ni pé ó ṣú. Ní 2015, nígbà tí gbogbo ayé ń jà lórí fọ́tò aṣọ kan tí àwọn kan rí ní búlúù àti dúdú, táwọn mìíràn rí ní funfun àti góòlù, èmi náà jà níbẹ̀, mo pe àwọn tí kò rí tèmi ní afọ́jú. Búlúù àti dúdú ni aṣọ náà lóòótọ́. Mi ò fi kọ́gbọ́n.

Ebi ló gbé wa jáde. Ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí ibẹ̀ la kọ́kọ́ yà sí, wọ́n sì gbé tteokbokki síwájú wa: ọbẹ̀ pupa fòò, ohun funfun gígùn bí ìka ọwọ́ rì sínú rẹ̀. Inú mi dùn. Lójú tèmi, ọbẹ̀ tó bá pupa báyẹn, ata ni, ata rodo ni mo sì fọkàn sí. Mo bù ú sẹ́nu. Adùn ló kọ́kọ́ kàn mí, adùn ṣúgà. Ahọ́n mi dúró sójú kan bí ẹsẹ̀ mi ṣe dúró létí ọ̀gbun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ata wá ń bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ọ̀nà ọ̀fun. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fi ooru sè tí wọ́n sì tẹ̀ títí ó fi dì mọ́ra ni ohun funfun yẹn, ó máa ń fà mọ́ eyín. Gochujang ló pa ọbẹ̀ náà láró: ata lílọ̀, ìrẹsì tó ń dì mọ́ra, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti jẹ́ kó kan, àti iyọ̀. Ohun yẹ́lò kan tí wọ́n gé pẹlẹbẹ sínú àwo kékeré, mo pè é ní máńgòrò. Danmuji ni, gbòǹgbò ráádìṣì funfun kan tí wọ́n rì sínú ọtí kíkan àti ṣúgà. Ó dún kàpù lẹ́nu mi, ó kan, àbúrò mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀nà tóóró kan la gbà jáde. Níbẹ̀ ni òórùn kan ti gbá mi nímú. Mo dúró. Mo ní, “Ta ló ń fi irú sebẹ̀ níbí?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàápàá máa ń sá fún un.” Èmi ti ṣí ilẹ̀kùn.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ibẹ̀. Àbúrò mi kí i, ó pè é ní imo. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lóbìnrin ni imo, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi pe obìnrin tó ń ta oúnjẹ pẹ̀lú, bá a ṣe ń pe ẹni tí kò bí wa ní ìyá. Mo tẹ orúnkún díẹ̀ láìrò ó. Ó wò mí, òun náà tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu àga fún mi kí n jókòó.

Cheonggukjang ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Nínú ìkòkò amọ̀ dúdú ló ti ń hó dé orí tábìlì. Wọ́n máa ń se ẹ̀wà sóyà títí yóò fi rọ̀, wọ́n á kó o síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Koríko ìrẹsì gbígbẹ ni wọ́n fi ń bò ó láyé àtijọ́. Kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di ohun tó jẹ́, Bacillus subtilis, òun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú. Mo wò ó: tófù funfun, ẹ̀wà tó fọ́, omi ọbẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí mo mọ̀. Mo dijú, mo gbé ṣíbí sẹ́nu. Mo mọ ohun gbogbo níbẹ̀. Ilé ìdáná ìyá ìyá mi ni, lálẹ́, kí wọ́n tó da ẹ̀fọ́ sí i. Mo la ojú, ó tún di ọbẹ̀ àjèjì. Mo dijú padà.

Àbúrò mi ò fọwọ́ kan ṣíbí tirẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, kò sì ní láti kọ́ mi ní ìyẹn. Irin ni ọ̀pá ìjẹun wọn, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, ojú ò tì mí púpọ̀. Àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, banchan, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá tán wọ́n á tún bù sí i. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó bèèrè kó tó pàṣẹ oúnjẹ, torí wọ́n sábà máa ń fi sínú ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ó hàn lójú.

Lẹ́yìn ilé, ìyá náà àti obìnrin méjì mìíràn jókòó ti bàsíà ńlá kan, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà olómi osùn dé ìgúnpá. Àsìkò kimjang ni, ìgbà tí ẹbí àti aládùúgbò máa ń pé jọ ṣe kimchi tí wọ́n á jẹ nígbà òtútù. Àjọ UNESCO fi àṣà náà sínú ìwé ogún àjọni ọmọ aráyé ní 2013. Wọ́n ti fi iyọ̀ pa ewé kábéèjì gígùn náà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fi ata, áyù, atalẹ̀ àti edé oníyọ̀ ra á ní ewé kọ̀ọ̀kan, láti ìdí dé orí, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ lára. Ìyá náà rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ya ewé kan, ó ká a, ó na ọwọ́ sí ẹnu mi. Mo yanu. Ata gidi ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó lé díẹ̀ ní irínwó ọdún tí ata ti dé Kòríà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni tiwa ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ìyá yẹn nídìí bàsíà tí yóò gbà pé ìgbà kan wà tí wọn ò ní i?

Mo fi ọwọ́ méjèèjì san owó. Mo fi díẹ̀ kún un sórí tábìlì láti dúpẹ́. A ò tíì dé ìkóríta tó fi sáré tẹ̀ lé wa, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Wọn kì í gba irú rẹ̀.

Lẹ́bàá ibùdókọ̀, ọkùnrin kan ń yan ẹja lórí irin. Ìpẹ́ rẹ̀ pé, ìrù rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Àbúrò mi ra mẹ́ta sínú ìwé. Mo ní mo ti yó, mi ò lè jẹ ẹja mọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó fà á ya sí méjì níwájú mi: búrẹ́dì ni, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ṣúgà sè títí ó fi fọ́ kún inú rẹ̀, èéfín ń jáde. Bungeoppang, búrẹ́dì ẹja, kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀. Mo jẹ ìrù.

Nínú ọkọ̀, ìwé búrẹ́dì náà ń mú mi lẹ́sẹ̀ gbóná, mo yọ fóònù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, lórí ọ̀rọ̀ ìgbànú gáùn yín. Òótọ́ lẹ sọ, ó ṣú. Ẹ ní kí n wò ó, èmi ni mi ò wò ó. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ owó tí mo sọ. Tí mo bá dé, mo máa tú léèsì yẹn kúrò, mi ò ní gba kọ́bọ̀.” Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ọjọ́ kẹta ló tó fèsì. Ó ní, “Mo ti rí i. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ pè mí.”